Òde Wo Lo Ní Kí N Má Ti Jẹun?

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì ṣàìsàn tó ju èyí tí o mọ̀ lọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa sùn dáadáa. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi yóò ṣọ́ ọ ní ìlú ńlá tí o wà, ìlẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín yóò gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Àmín.

Má bínú pé mo kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, tí ohun tó yẹ kó gba ojú ìwé kan fi gba mẹ́rin. O mọ bí ojú mi ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, inú ń bí mi, ìwọ gan-an ni inú sì ń bí mi sí. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ojú mi lọ pátápátá nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o kọ sínú ìwé. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ ní sùúrù, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún oníbàárà tó ń bi mí ìdí tí aṣọ rẹ̀ kò fi tó.

O rántí pé nígbà tí o mú mi lọ rí dókítà ojú, ó ní nǹkan funfun kan ló bo ẹyinjú mi, pé òun lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi bá wálẹ̀. Kí o tó padà sí ibi iṣẹ́, o kọ òfin mẹ́ta sínú ìwé, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè maṣíìnì mi. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń ránṣọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bí téèpù bá ní méjìlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n ni, kì í ṣe méjìlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Nítorí náà, bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe tẹ̀ lé e.

Òfin kìíní rẹ ní kí n má jẹun lóde. Kò pẹ́ sígbà náà ni Gẹdú, káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa, kó wọ ilé tuntun tó kọ́, ó sì pe gbogbo àdúgbò. Abẹ́ igi níwájú ilé ni wọ́n to àga sí. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n gbé ẹran lé e, wọ́n gbé kéèkì tẹ̀ lé e. Mo wo ọ̀run, mi ò rí òrùlé. Mo ní lóde nìyí o, ọmọ mi ò gbà á. Mo gbé àwo mi, mo dìde. Mo kọ́kọ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rò ó títí: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òrùlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìlẹ̀kùn, a kò lè fi gbogbo ẹnu pè é ní inú ilé. Pálọ̀ náà, wọn ò tíì fi gíláàsì sí fèrèsé rẹ̀, atẹ́gùn ìta ń wọlé fàì. Bí mo ṣe dé yàrá nìyẹn, mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun Gẹdú, mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ kéèkì, mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò méjì. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti bá mi. Ó pe ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, ọmọ mi ló ní kí n má jẹun lóde. Gẹdú ní ọmọ mi kò sọ fún òun pé orí bẹ́ẹ̀dì òun ni n ó ti jẹ ẹ́. Ìtìjú yìí ni mo fara dà nítorí rẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe ìdágbére fún ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ̀yìn tì. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ṣe é, òrùlé wà, ìlẹ̀kùn wà, gíláàsì wà ní gbogbo fèrèsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo jẹ àwo méjì.

Òfin kejì ní kí n máa gbé fóònù tí o rà fún mi sára, kí n rí i pé ó ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìṣísẹ̀ lójúmọ́. Mo rán àpò kékeré kan fún un, mo fi rọ́bà sí i, mo dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ pẹ́dà maṣíìnì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ka ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ìwọ náà rí i lórí fóònù tìrẹ, o pè mí, o ní ẹ kú iṣẹ́ bàbá mi, mo ní o ṣeun. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n kúrò lórí àga.

Òfin kẹta ní kí n máa ya fọ́tò oúnjẹ mi kí n tó jẹ ẹ́. Mo ń yà á. Ìwọ lo ń sọ pé àtàńpàkò mi nìkan lo ń rí, kì í ṣe ẹ̀bi mi pé àtàńpàkò mi tóbi. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ẹni tó bá ń ya fọ́tò àwo rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pè é, ńṣe ni wọ́n máa rò pé ó fẹ́ lọ fi ẹran kékeré ròyìn wọn. Ní gbọ̀ngàn ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe gbé fóònù sókè báyìí, obìnrin tó ń bu oúnjẹ sáré wá, ó fi ẹran méjì kún ti tẹ́lẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un yà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò wá pé, èmi àti ìyá rẹ lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan béèrè pé ṣé mo jẹun lóde láàárín oṣù náà. Mo fi gbogbo ẹnu kọ ọ́ pé rárá, inú ilé ni mo ti jẹ gbogbo rẹ̀, ẹ lè bi Gẹdú káfíńtà. Nọ́ọ̀sì tó gba fọ́ọ̀mù náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìwé ṣúgà mi, ṣúgà ti lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí pẹ́dà, ó di tábìlì mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, “Bàbá, òde tí wọ́n ń wí kì í ṣe ìta o. Òde àríyá ni.”

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀. Mo ní èmi náà wà nínú gbogbo ayé. Ọmọ mi, bí mo bá ní o lọ òde, àríyá lo lọ. Bí mo bá ní ajá wà lóde, ṣé àríyá ni ajá lọ? Ìwọ tí mo rán lọ sí ilé-ìwé gíga, kí ló dé tí o kò kọ ọ́ pé àríyá kí ara mi lè balẹ̀?

Dókítà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, bí ṣúgà kò bá wálẹ̀ nígbà náà, òun á fi àyè mi fún ẹlòmíràn, ó di ọdún tó ń bọ̀, òun ò sì lè ṣèlérí pé ojú náà yóò dúró dè mí. Nọ́ọ̀sì ló gbà wá níyànjú. Ó ní kí n máa jẹun yó nílé kí n tó lọ síbi tí wọ́n pè mí, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja, kí n mú ike omi mi dání, kí n jókòó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

Àfi bíi pé àwọn èèyàn ti ń dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwa télọ̀, mo ní eyín ń dùn mí. Alága ní ìyẹn kò burú, a kì í fi eyín jẹ kéèkì, ahọ́n la fi ń jẹ ẹ́, ó sì gbé èyí tó tóbi jù fún mi. Níbi ìgbéyàwó ọmọ onígbàjámọ̀, mo ní inú ń run mí. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni oògùn rẹ̀, ó dúró tì mí bí ọlọ́pàá títí mo fi mu ìgò náà tán. Mo ní mo ti yó, wọ́n ní ṣé ilé tí mo ti jẹun yó náà ló ń gbé ìyàwó lónìí ni. Kò sí irọ́ tí mo pa tí wọn ò rí oúnjẹ tó bá a mu.

Ìyá rẹ ní kí n yéé purọ́, kí n sọ òtítọ́ fún wọn. Mo bínú sí i. Ìwọ mọ̀, òun mọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òun ló ń fi òwú bọ ogún abẹ́rẹ́ fún mi láràárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń gún wọn sára tìmùtìmù kékeré ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì. Mo bi í pé ta ni yóò gbé aṣọ wá fún télọ̀ tí kò ríran. Ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn, ó ń fi òwú bọ̀ ọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà.

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe pé àádọ́rin ọdún nìyẹn, wọ́n sì pe gbogbo àdúgbò síbi àríyá rẹ̀. O mọ̀ pé nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ni wọ́n tọ́ mi. Wọ́n fúnra wọn ni wọ́n gbé àwo wá fún mi, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bù ú. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mi ò ní lè jẹ ẹ́. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, “Kí ni mo fi ṣe ọ́?”

Ọmọ mi, mo fẹ́ sọ ti eyín. Mo la ẹnu, kò jáde. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Bí mo bá jẹ èyí, wọn ò ní tún ojú náà ṣe fún mi.”

Wọ́n gbé àwo náà sílẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú bí ẹni tí mo fẹ́ wọ̀n. Ọwọ́ aṣọ kan dé ọrùn ọwọ́, èkejì kò kọjá ìgúnpá lọ títí. Èmi ni mo rán an. Wọ́n ní ó ti lé ní ọdún kan tí àwọn ti mọ̀. Gẹdú náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ṣòkòtò náà, ẹsẹ̀ kan ń gbá ilẹ̀, èkejì ń sá fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé ní láti ọdún tó kọjá ni bọ́tìnì òun kan kò ti ní ihò tirẹ̀, òun kàn ń di ìwé mú síwájú àyà ni. Bí mo ṣe wo ọ̀tún ni mo wo òsì, ìdajì àwọn tó jókòó ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, kò sí èyí tó gún.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní kí wọ́n bọ́ aṣọ mi fún mi ní kíákíá. Gẹdú ní níbo ni kí àwọn ti bọ́ ọ, ṣé lóde ni àbí nínú yàrá. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, n ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, bí mo bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ni n ó máa jí sí láràárọ̀? Wọ́n wá bu ẹ̀fọ́ àti ẹja fún mi sínú àwo kékeré, wọ́n jókòó tì mí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tún ní ìsinmi. Oníbúrẹ́dì kò tà fún mi mọ́, bí mo bá fi owó nà án, á ní ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún òun. Àwọn tí mo ń sá fún tẹ́lẹ̀ ti di ọlọ́pàá ẹnu mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà lọ, ṣúgà ti wálẹ̀. Dókítà ti fún mi lọ́jọ́: Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ ránṣẹ́, kí o sì fi ti gíláàsì dúdú tí n ó fi bo ojú kún un. Jọ̀ọ́, fi rán èèyàn. Èyí tí o ní o fi sínú fóònù lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá gbà fún ọ, wá fúnra rẹ.

Bí o bá ń bọ̀, kó gbogbo aṣọ tí mo rán fún ọ láti ọdún tó kọjá dání. O máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n bá ọ mu rẹ́gí. Mo fẹ́ fi ojú tuntun mi wò ó.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ fún mi. Wàá jẹ, wàá yó, kò ní pa ọ́ lára. Ilẹ̀ tí o tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́. Ojú rẹ kò sì ní rí ohun tí ẹnu rẹ kò ní lè sọ fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.