Má Jẹ́ Kí Fáírọ́ọ̀sì Borí Ológbò Wa

Sùlíyá ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó bá ọ nílé, kó sì bá ọ nínú ilé búrẹ́dì tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Agége. Mo lérò pé iná ààrò wọn kò jó ọ lọ́wọ́ mọ́. Ìyá rẹ wà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn ún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, akọ ni méjèèjì.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní ológbò tí mo fún ọ nígbà tí o ń lọ sí Èkó ń ṣàìsàn, pé dókítà ẹran ní Ìkẹjà ní Fáírọ́ọ̀sì ló ń bá a jà, pé àwọn ń gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò ṣẹ́gun Fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n Sáàpù tó sọ náírà di yẹpẹrẹ ti jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọ́n. Afeez ọkọ rẹ ní kí ẹ dáwọ́ dúró, o wá ń bi mí pé dìgbà wo ni kí ẹ máa gún un.

Mo bi lèmọ́mù wa bóyá wọ́n mọ ìdílé Fáírọ́ọ̀sì yìí, ká lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹran ẹlẹ́ran sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ń gbọ́ orúkọ Sáàpù lórí rédíò, pé àwọn sójà ló mú un wá. Èèyàn sójà kò ṣeé bẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì nìkan la máa dojú kọ.

Mo tún lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi tẹlifóònù pe ológbò náà, torí ó mọ ohùn mi. Akọ̀wé ibẹ̀ ní ológbò kì í gbé fóònù. Mo ní kó ṣáà pè é, ó kọ̀.

Ìpinnu mi nìyí. Nígbà tí èéyi mú ọ ní kékeré, gbogbo àdúgbò ní ká gbé ọ kalẹ̀, pé o ti lọ. Ìyá rẹ kò gbà. Ó ń fi òwú kán omi sí ọ lẹ́nu, ó ní níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń gbé e mì, òun kò ní dáwọ́ dúró. Ìwọ lo ń ka lẹ́tà yìí. Nítorí náà, gbé ẹja síwájú ológbò. Bí ó bá jẹ ẹ́, àní kó kàn lá a, jẹ́ kí wọ́n gún un. Ọjọ́ tó bá kọ ẹja, tó kọ omi, tí dókítà sì ní ara ń ni ín jù, gbé e sí itan rẹ, kí wọ́n má gún un mọ́. Àánú nìyẹn, kì í ṣe pé Fáírọ́ọ̀sì borí wa. Ṣùgbọ́n Sáàpù kọ́ ni yóò dá ọjọ́ náà, Afeez náà kọ́. Ológbò fúnra rẹ̀ ni.

Mo fi ẹja gbígbẹ rán Kàsúmù tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu wá sí Agége. Ti ológbò ni, kí Afeez má fi sebẹ̀. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, fi ra abẹ́rẹ́ ológbò lóṣù yìí. Ìyá rẹ gbọ́, ó bú mí díẹ̀, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, páànù ilé ti lu, òjò ń kán sórí ibùsùn wa.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ohun tí o bá tọ́ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí yóò bá sì lọ, kò ní lọ láìsí ọwọ́ rẹ lára rẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Ádámù