Ìgbà Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹsàn-án, 1984

Ìwé tuntun. Ogójì kọ́bọ̀ ní ọjà Ogbete ní Enugu níbí — ọgọ́ta ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ pè é. Yorùbá ni n ó máa fi kọ ọ́. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi níbi iṣẹ́ ni yóò máa wà lọ́sàn-án, n ó máa gbé e relé lálẹ́; kò sì sí ẹni tó lè kà á níbi iṣẹ́.

Mo parí kíka káàdì oṣù Kẹjọ lónìí. Gbogbo àwo orin tó wà ní ilé rédíò wa ló ní káàdì tirẹ̀ nínú páálí rẹ̀. Bí àwo bá jáde lọ sí sítúdíò, mo kọ ọjọ́ sí i. Bó bá padà, mo fàlà sí i. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Lára káàdì wọ̀nyí la ti ń yọ Àwo Mẹ́wàá Oṣù, tí wọ́n ń kà lórí afẹ́fẹ́ ní Àbámẹ́ta. Àwo tó bá wọ inú mẹ́wàá, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á máa dù ú. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò sùn.

Èyí tó ga jù lóṣù yìí — jáàsì! Àwo Bàbá Nwafọ̀ ni. Coal Camp ni bàbá náà ń gbé. Ó wa èédú ní Iva Valley títí ó fi fẹ̀yìn tì, fèrè idẹ ló ń fọn. Oriọna ló pe àwo rẹ̀, àtùpà nìyẹn lédè Ìgbò. Kò sí ẹni tó kọrin nínú rẹ̀, fèrè àti ìlù àti dùùrù ni. Nítorí pé kò lọ́rọ̀ nínú ni wọ́n ṣe ń fi í sábẹ́ ìkéde òkú, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ 31 × 2 = 62. Yọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí NEPA mú iná lọ tí kò sì sí dísẹ́ẹ̀lì = 59. Fi ètò jáàsì Ọjọ́bọ̀ márùn-ún kún un = 64.

Èyí tó tẹ̀ lé e, 31. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbogbo Enugu mọ orin yẹn. Obìnrin kan ń fi imú kọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì Abakpa láàárọ̀ yìí. Wọn kì í dárúkọ bàbá náà níbi ìkéde. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni orin.

Ìṣẹ́gun, 4

Táì Pupa wọlé tọ̀ mí wá — ọ̀gá ètò tuntun tí wọ́n gbé wá lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti tẹ Àwo Mẹ́wàá tirẹ̀ sínú ìwé. Ẹni àkọ́kọ́: Prínsì, ọmọkùnrin olórin tí máníjà rẹ̀ ń gbé Peugeot sẹ́nu géètì wa. Wọ́n ní a lu àwo rẹ̀ nígbà 44. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mẹ́fà ni.

Ó ní, Madam Káàdì, buwọ́ lù ú níbí. Mo ní, ta ló kà á? Ó ní aráàlú ló kà á. Mo ní aráàlú wo? Wọn ò gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá.

Jáàsì kò sí nínú mẹ́wàá rẹ̀ rárá. Ó ní èyí tí a fi dí àlàfo lábẹ́ ìkéde kì í ṣe orin. Àti pé bí kò bá sí jáàsì nínú mẹ́wàá, òun á ta wákàtí jáàsì Ọjọ́bọ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́ ọṣẹ. Ohun tó ń wá nìyẹn.

Ọjọ́rú, 5

Mi ò buwọ́ lù ú láàárọ̀. Mi ò buwọ́ lù ú lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 6

Bàbá Nwafọ̀ wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Coal Camp — ó ní bọ́ọ̀sì ń gba ogún kọ́bọ̀, ẹsẹ̀ òun kì í gba nǹkan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn nìkan.

Ó wúkọ́ títí kó tó lè sọ̀rọ̀. Èédú ṣì wà nínú àyà rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ni àwo tó tẹ̀, igba ó lé mọ́kànlá ṣì wà nílé rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù Ogui Road ní òun ò ní gbà á àfi bó bá wọ mẹ́wàá. Ó bi mí léèrè: nwa m, ọmọ mi, ìgbà mélòó ni wọ́n lù ú? Mo ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ní òun ń gbọ́ ara òun lójoojúmọ́ láàárín àwọn òkú, òun rò pé bóyá òun náà ti kú tí wọn ò tíì sọ fún òun.

Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ra àwo kan lọ́wọ́ rẹ̀. Náírà mẹ́jọ. Mi ò ná ara mi lówó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ yọ náírà kan, mo ní rárá, ẹ gba owó yín pé.

Ẹtì, 7

Mo débi iṣẹ́ — káàdì Prínsì ti di tuntun. Ìgbà 44, yíǹkì kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti Oriọna: márùn-ún. Wọ́n gbé àwọn ògbólógbòó lọ. Ìwé tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ, wọ́n fi òru kan tún un kọ.

Mo sọ fún Kọ́lá ọkọ mi nílé. Ọ́fíìsì rélùwéè lòun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní gbèsè owó oṣù méjì. Ó ní: Ìyá Mojí, ìjọba sójà ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, o wá ń wá wàhálà lórí fèrè. Ṣé 64 la ó máa sè jẹ ni?

Mo ní: ṣé 44 ló máa yó wa, Bàbá Mojí?

Ó jẹun tán, ó fọ abọ́ fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 8

Wọ́n kà á. Prínsì lékè. Lẹ́yìn náà — mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi — “gẹ́gẹ́ bí Ìyáàfin Florence Adébọ̀wálé, olùtọ́jú àwo wa, ṣe kà á.”

Èmi! Mi ò buwọ́ lù ú. Wọ́n fi ẹnu buwọ́ lù ú fún mi.

Àìkú, 9

Àwọn ará ìjọ ń dì mọ́ mi. Ẹ kú oríire, a gbọ́ orúkọ yín lórí rédíò! Ìgbà mọ́kàndínlógún ni wọ́n kí mi. Irọ́ ni mo ń gbà lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà mọ́kàndínlógún.

Ó tó.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ìpàdé àárọ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo gbé àwo Prínsì àti Oriọna ti ilé rédíò sábẹ́ apá, mo wọlé.

Kí n kọ ọ́ dáadáa síbí. Kí olóòtú tó fi orin sáfẹ́fẹ́, ó ní láti gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lé ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, kó fi ìka yí àwo síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, títí yóò fi rí ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Abẹ́rẹ́ á máa ha ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìgbà, ibẹ̀ á ti funfun, á máa dún ṣẹ̀ẹ̀ bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná. Àwo tó wà nílé ẹni kì í ní i. Iṣẹ́ rédíò nìkan ló ń dá ọgbẹ́ yẹn sí àwo lára.

Mo fi ti Prínsì sórí ẹ̀rọ wọn. Orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ — kedere, bí omi ẹ̀rọ. Mo fi Oriọna sí i, abẹ́rẹ́ kan náà. Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ó pẹ́ kí fèrè tó ráyè jáde.

Mo ní: wọ́n lè tún káàdì kọ. Kí wọ́n wá tún èyí kọ.

Táì Pupa ní eruku ni. Mo fún un ní aṣọ ìnuwọ́ mi, mo ní kó nù ún. Edith tó ń ka ìkéde òkú pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yára fi ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá Àgbà wo àwo, ó wò mí, ó ní kí n máa lọ sílé, wọn á kọ̀wé sí mi.

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n kọ ọ́. “Ìdínkù òṣìṣẹ́.” Owó oṣù kan, náírà 148. Owó ilé 35. Owó ilé-ìwé Mojí 20. Oúnjẹ, bí a bá yọ ẹran, 60. Ó ku 33 láàárín àwa àti ẹ̀kún.

Ìwé yìí àti kọ́ọ̀bù mi nìkan ni mo kó kúrò níbẹ̀. Àwo wọn, mo tò ó síbi tó yẹ kí n tó jáde. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo fi nǹkan sílẹ̀ ní rúdurùdu.

Ọjọ́bọ̀, 13

Kò sí jáàsì. Ọṣẹ ni.

Ìṣẹ́gun, 18

Agogo mẹ́rin. Lórí rédíò, Edith ń ka ìkéde òkú olóyè ńlá kan láti Nsukka, ó ti dé orí orúkọ àwọn àna. Abẹ́rẹ́ há sínú Oriọna. Ọgbẹ́ yẹn ti jinlẹ̀ jù. Fèrè ń pe ohun kan náà, ohun kan náà, ohun kan náà — ìgbà mẹ́rìnlá kí wọ́n tó pa á. Mo kà á.

Ọjọ́rú, 19

Wọ́n wá àwo mìíràn sábẹ́ ìkéde. Ta ló yàn án? Edith ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìyá àgbà ti sùn nínú Olúwa ni Prínsì bú jáde, ó ní kí omidan mi ìdí síhìn-ín, mì í sọ́hùn-ún!

Kọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́bọ̀, 20

Dírẹ́bà ilé rédíò gbé Edith wá bá mi nílé ní Abakpa. Ó ní, Madam Káàdì, o ti ba ilé rédíò jẹ́! Ìdílé mẹ́fà ti gba owó ìkéde wọn padà, wọ́n ní fèrè yẹn làwọn fẹ́, ìkéde òkú sì ni wọ́n fi ń san owó oṣù gbogbo wa. Àárọ̀ yìí wọ́n lọ sí Coal Camp láti ra àwo tuntun. Bàbá Nwafọ̀ jókòó sórí páálí àwo rẹ̀, ó kọ̀. Ó ní: ẹ lọ bá ẹni tó mọ iye rẹ̀; ohun tó bá ní kẹ́ ẹ san ni kẹ́ ẹ san.

Èmi ló ń wí!

Mo ní kí Edith kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n dárúkọ bàbá náà àti àwo rẹ̀ níbi ìkéde, ní gbogbo ìgbà. Kí wọ́n ka 64 lórí afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì sọ pé èmi kọ́ ni mo ka 44. Kí wọ́n ra àwo mẹ́rin, náírà mẹ́jọ mẹ́jọ, torí ọ̀kan ò lè ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ wọn. 32. Kò sí ẹ̀dínwó.

Ẹtì, 21

Táì Pupa fúnra rẹ̀ ló wá. Ẹrẹ̀ Abakpa dé ọrùn bàtà rẹ̀. Ó ní òun á dárúkọ bàbá náà, òun á ra àwo mẹ́rin. Ṣùgbọ́n 64 — rárá. Kí n gbàgbé 64, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Ọjọ́ Ajé.

Kọ́lá ń wo ẹnu mi. 148 lóṣù. Mo kà á: 1,776 lọ́dún.

Mo ní òjò ti ṣú, ọ̀gá, kẹ́ ẹ tètè máa lọ kó tó rọ̀.

Nígbà tó lọ tán, Kọ́lá ní, o ò tiẹ̀ béèrè iṣẹ́ rẹ mọ́ nǹkan mẹ́ta yẹn! Mo ní bí mo bá fi kún un, wọn á ní torí iṣẹ́ ni mo ṣe kà á bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ bínú. Kò rí ibi tí yóò ti mú un.

Àìkú, 23

Bàbá Nwafọ̀ ránṣẹ́: orúkọ nìkan tó, ọmọ mi, má pa ara rẹ.

Mo ránṣẹ́ padà: kò tó.

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ń ka ìkéde láìsí orin kankan. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ Ajé, 24

Dírẹ́bà san náírà 32 ní Coal Camp lọ́sàn-án. Bàbá Nwafọ̀ ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èmi ni mo kọ́ òun.

Agogo mẹ́rin. Ohùn Edith: “Orin tí ẹ ń gbọ́ yìí ni Oriọna, láti ọwọ́ Nwafọ̀ ti Coal Camp. A lù ú nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lóṣù Kẹjọ, òun ló sì lékè. Ìyáàfin Adébọ̀wálé kọ́ ló ka èyí tí a kà tẹ́lẹ̀.” Ó kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n ó kà á pé. Fèrè wọlé. Kò sí ṣẹ̀ẹ̀. Mímọ́ lóló.

Mi ò níṣẹ́. Ó ku náírà mọ́kànlá.

Kọ́lá dìde, ó ya ẹ̀yìn káléńdà rélùwéè ní ìwọ̀n káàdì, ó fi abẹ pọ́n pẹ́ńsùlù, ó gbé méjèèjì síwájú mi.

Mo kọ ọ́: Oriọna. 24/9. Ẹ̀ẹ̀kan.