Písítìn Tí Mo Kánjú Rà

Olóòtú wa, ẹ kú ìdúró tì wá o. Awakọ̀ ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ́ńjìnnì mi ń rú èéfín, mo bá kánjú ra písítìn. Nígbà tí ọ̀gá tó ń gbẹ́ ihò ẹ́ńjìnnì gbẹ́ tèmi fẹ̀ tán, písítìn mi ń mì nínú ihò bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kó o rà á kí n tó wọn ihò?"

Bí mo ṣe tún ra òmíràn nìyẹn. Mo délé, mo di ẹ̀bi ru ọ̀gá. Ìyàwó mi ò kí i mọ́ dòní.

Ọkọ̀ ń lọ geerege, inú mi dùn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀? Ìyàwó mi máa ń gbọ́ yín nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ó dájú pé ó ti dá máṣíìnì náà dúró báyìí.