Òkúta Tí Wọ́n Fi Okùn Dúdú Dì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá
A dé Kíótò. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín, láti ojúbọ dé ojúbọ, láti ọgbà dé ọgbà. Ọ̀gbẹ́ni Ogata ló ń ṣáájú wa, àsíá yẹ́lò lọ́wọ́ — Alásíá ni mo sọ ọ́. Kinuyo ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbẹ́yìn. Orúnkún ló ń dà á láàmú.

Ọjọ́rú, 13
Inú ń bí mi. Ní ojúbọ orí òkè, gbogbo àwọn tá a jọ rìn wá ń gba àárín ọ̀nà gbuuru, àárín tó jẹ́ ti òrìṣà! Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló gba ẹ̀gbẹ́. Ó fọwọ́, ó fi omi fọ ẹnu, ó tẹrí ba bó ṣe yẹ. Alásíá ń wo aago, ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára díẹ̀." Mo ní ṣé òrìṣà fẹ́ wọkọ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fajú ro bí ẹni tó la ọsàn kíkan.

Ọjọ́bọ̀, 14
Òjò. Alásíá ní tí ìyá bá tún pẹ́, òun á fi wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ìyá ta ló ń lé?

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Ọgbà ilé ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́lá àtijọ́. Ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ti jìnnà sẹ́yìn. Mo rí òkúta kékeré kan lójú ọ̀nà tóóró kan tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn dúdú lára rẹ̀: ẹ má kọjá ibí. Mo yára ṣíwájú, mo gbé e sí ọ̀nà tiwa. Alásíá débẹ̀, ó dúró gbagidi. Gbogbo wọn dúró. Ta ló jẹ́ kọjá òkúta yẹn nílẹ̀ wa? Ẹ jẹ́ ó dúró de èèyàn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó wo òkúta, ó wò mí. Ó rí ojú ibi gbígbẹ tí òkúta fi sílẹ̀ lọ́nà kejì. Ó dì í lókùn mú, ó dá a padà síbẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àbúrò mi ni. Bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn."

Èmi ni Alásíá wá lé padà sílé. Èmi tí mò ń gbèjà èèyàn!

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ká jọ máa lọ sílé. Ó ní, "Lọ síbo? Ìwọ gan-an lò ń dá mi dúró. Gbogbo ìgbà lò ń sọ pé, 'Ṣé orúnkún ń dùn yín, ṣé ẹ fẹ́ jókòó?' Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń gbẹ́yìn ni, kí n lè wo nǹkan láìgbọ́ ẹnu rẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Ilé. Tófù, ìrẹsì, èmi nìkan. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó gbé e. Mo gbọ́ omi tó ń kán sórí òkúta, mo gbọ́ ẹyẹ. Ó ṣì wà lọ́gbà. Mo la ẹnu báyìí, ó pa fóònù.