Màmá Mi Lórí Àpáta

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀kadà wọ́n lónìí, ṣùgbọ́n mo dé àpáta Ùsì-Èkìtì, mo rí ère obìnrin agúnyán tí ayé ń wá wò. Ọkùnrin tó ń júwe rẹ̀ fún àwa àlejò ní, "Ẹni tó fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n ṣàṣìṣe. Ọwọ́ òsì ni obìnrin yìí fi gbé ọmọ odó!"

Mo ní, "Àṣìṣe wo? Màmá mi ló wò mọ ọ́n. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Màmá ta ni kì í gúnyán l'Ékìtì?"

Mo gba ọ̀pá ọwọ́ ọkùnrin náà, mo fi òsì tí mo jogún, tí tíṣà nà títí tó sú u, gún ilẹ̀. Ìdúró kan náà, èjìká kan náà. Ẹ̀rín dá.

Ọkùnrin náà fa ìwé yọ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Kí lorúkọ màmá yín?"

Mo pè é ketekete, mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.