Àmì Kan fún Oko Kan

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá, 2024

Mo parí rẹ̀. Bọ́tìnnì tuntun ti wà nínú pírógírámù tí a fi ń wo àkọsílẹ̀ oko iṣu. Tẹ̀ ẹ́, oko kọ̀ọ̀kan á di àmì kíún kan. Bí ebè bá ṣe pọ̀ tó, àmì á sún sọ́tùn-ún. Bí iṣu bá ṣe pọ̀ tó, á gòkè. Oko kan ò ní fara pamọ́ sẹ́yìn òmíràn.

Mo fi han Olópòó — ọ̀gá wa ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Nínú àwòrán ìṣirò, òpó nìkan ló mọ̀: òpó kan fún ìlú kan, èyí tó bá ga jù ló borí. Ó ní, "Dókítà, ṣé eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀ ni?" Ó ní kí n yọ ọ́.

Mi ò yọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 5

Inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́rú, 6

Olópòó ti pinnu: ìlú Okaka ò ní rí katakata tí a fi ń ro oko lọ́dún tó ń bọ̀. Òpó Tẹ̀dé ga, tiwọn kúrú. "Ilẹ̀ wọn ti ṣá." Ilẹ̀ wo? Mo tẹ bọ́tìnnì mi. Àmì Okaka tò gbọọrọ sábẹ́ ti Tẹ̀dé — oko ńlá, oko kékeré, ìdá kan náà ni gbogbo wọn fi dín. Mo rọra ṣàlàyé fún un: ilẹ̀ kì í ṣá dọ́gba. Ti ẹnì kan á bàjẹ́, ti aládùúgbò rẹ̀ á sàn. Ohun tó bá dín lọ́wọ́ gbogbo èèyàn bákan náà, ọwọ́ tó kà á ni kí a yẹ̀ wò.

Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 7

Misturat tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Okaka ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló ka iṣu ibẹ̀ fún wa. Ó pè é, ó gbé fóònù fún mi. Bàbá ní bí àwọn ṣe ń tà á làwọn ṣe kà á, ní ọgọ́ta ọgọ́ta. Ènì mẹ́fà mẹ́fà tó máa ń wà lórí ọgọ́ta ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín títí. "Dókítà, ta ló ń ka ènì?"

Tẹ̀dé kà á. Tènì-tènì ni wọ́n ka tiwọn.

Ẹtì, 8

Mo dá ènì Okaka padà sínú ìṣirò. Ìlà méjèèjì di ọ̀kan.

Ajé, 11

Ìpàdé pẹ̀lú àwọn àlejò láti Ìbàdàn. Olópòó fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì, ó ní Okaka náà á rí katakata. "Bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyí." Mo fẹ́ dìde. Misturat fà mí láṣọ: "Ẹ jókòó, mà. Katakata ló ń lọ sí Okaka, kì í ṣe ọ̀gá."

Mo jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 14

Okaka kó ọgọ́ta iṣu wá dúpẹ́, tòun ti ènì mẹ́fà. Ọ̀gá ni wọ́n kó o fún — ta ni wọ́n tún mọ̀? Ó kó ọgọ́ta sínú bùùtù ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí èmi àti Misturat pín ènì.

Mo kà á. Márùn-ún.