Kanpéènì Ẹgbẹ́ Onígi

Abúlé Ṣàngówùmí,
Lọ́nà Ọ̀fàdà.

Títílọlá Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Èkó kò tíì gbé ọ mì? Àwa níhìn-ín wà, a ń mí, a ń jẹ, a sì ń dárúkọ rẹ ní gbogbo òwúrọ̀ tí ìyá rẹ bá ti ń ta omi sílẹ̀ fún òrìṣà. Ó ní kí n kí ọ, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ orúnkún òun kí n tó kọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n èmi ni mo di bírò mú, orúnkún yóò dúró ná. Ìrẹsì wa ti ń yọ ọmọ, àwọn ẹyẹ ti dé pẹ̀lú ariwo wọn, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì.

Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí bàbá mi kò fi pè mí lórí fóònù. Ìwọ náà mọ̀ pé iwájú ilé Baálẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dúró sí ní abúlé yìí, igbe ni èèyàn sì gbọ́dọ̀ ké kí ohùn rẹ̀ tó dé Èkó. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí kì í ṣe ohun tí a ń ké níwájú ilé Baálẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ ló fà á. Nígbà tí o sọ fún wa pé o ti di kọ̀nsọ́tánǹtì, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ sọ fún ìyá rẹ pé dókítà àgbà pátápátá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn. O ní ti àyíká ni, a wá ń bi ara wa léèrè pé ibo lára ni àyíká wà, ìyá rẹ ní ìbàdí ni, torí ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ń yí ká, èmi kò jiyàn. Nígbà tó yá, o tún ní o ń ṣe kanpéènì. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí, ta ló ń ṣe kanpéènì tí kò du ipò? Wọ́n fi fídíò rẹ hàn mí, mo rí ọ lójú títì, o gbé pátákó sókè, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin tẹ̀lé ọ, àwòrán igi sì wà láyà ẹ̀wù gbogbo yín. Mo ní ó tán, àmì ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Nígbà ayé bàbá mi, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ ni wọ́n dìbò fún, ṣé ọ̀pẹ kì í ṣe igi ni? Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Ògúnyọmí, mo ní ọmọ mi ti jáde du ipò lábẹ́ ẹgbẹ́ onígi. Gbogbo wọn gbàdúrà fún ọ. Wọ́n sì béèrè ìgbà tí ìrẹsì kanpéènì máa dé, àwa tí à ń gbin ìrẹsì!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Mọ́nsúrù ará Kemta wá bá wa pé òun fẹ́ ra etí odò Omítútù láti máa wa yanrìn. Katakátá ni yóò fi hú àwọn igi ibẹ̀, tíípà yóò sì máa kó yanrìn lọ. N kò ní pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè. Ọmọlúàbí ni Mọ́nsúrù, ó jókòó sórí ẹní wa, ó ní òun yóò kan òrùlé tuntun sí ilé ẹ̀kọ́ wa. O ṣáà mọ bí òjò ṣe máa ń lé àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì. Ojú gbogbo wa là, tèmi náà là. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní kí a ṣe sùúrù, ó ní ẹgbẹ́ onígi ni ọmọ wa wà, bí a bá hú igi tà, ojú wo la fẹ́ fi wò ó nígbà tó bá wọlé? Bí wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ náà dúró nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Tíṣà Ọbáfẹ́mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, wá bá mi lóko, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Títílọlá kò du ipò kankan. Ó ní o kì í ṣe dókítà pẹ̀lú, pé ńṣe lo ń gba àwọn iléeṣẹ́ nímọ̀ràn kí wọ́n má ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ mọ́ àwọn tí a kò tíì bí lọ́wọ́. Ó ní kanpéènì rẹ, ti pé kí àwọn èèyàn dá igi sí ni, kò sí ìbò níbẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi dáadáa. Bí mo bá dákẹ́, igi yóò wà, omi yóò máa ṣàn, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa bá wa ṣọ́ odò òrìṣà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò tẹ̀ka fún Mọ́nsúrù ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀. O rántí èèwọ̀ Omítútù, pé a kì í ti ìkòkò tí iná ti sọ di dúdú bọ̀ ọ́. Ìyá rẹ nà ọ́ nítorí rẹ̀ nígbà kan, o sunkún, o ní kí ni èédú díẹ̀ máa fi odò ṣe. Mo wá ń rò ó pé odò tí kò gba ìdí ìkòkò, ṣé ó máa gba katakátá tí epo ń kán nídìí rẹ̀? Ó jọ pé àwọn tó fi èèwọ̀ yẹn lélẹ̀ ń ṣe kanpéènì nígbà ayé tiwọn ni, wọn kò kàn ní pátákó. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ó ní kí n jẹun.

Mo ti pinnu. Ní Sátidé, èmi fúnra mi ni yóò dìde sọ pé etí mi ló gbọ́ ọ̀rọ̀ sódì. Wọn yóò fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn yóò bi mí pé, ta ni yóò wá kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́? Nítorí náà, jọ̀ọ́, wá sílé. Má fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀, má sì bá wọn jà, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Jókòó sórí ẹní, kí o sọ bí ọmọ ṣe lè kàwé lábẹ́ òrùlé tí kò jò, tí a kò sì ta odò.

Bá wa mú owó díẹ̀ dání fún ìpara orúnkún ìyá rẹ, nísinsìnyí tí a ti mọ̀ pé o kì í ṣe dókítà. Má fi sí báǹkì o. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó l'Abẹ́òkúta ti gbé káàdì mi mì, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo dúró dè é kó pọ̀ ọ́ padà, títí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ fi ní kí n máa lọ sílé.

Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè. Ibi tí o bá dé ni wọn yóò ti fetí sí ọ. Omi kò ní gbẹ ní ọ̀nà rẹ. Àṣẹ.

Ó ku ohun kan. Àárín ilẹ̀ tèmi ni tíípà fẹ́ gbà dé odò, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Bí o dé, bí o kò dé, bí gbogbo abúlé bá tẹ̀ka, ìka tèmi kò ní kan ìwé Mọ́nsúrù. Tíṣà ní kò sí ìbò nínú kanpéènì rẹ, n kò gbà fún un. Ìbò tí wọ́n ń dì fún àwọn yòókù, ìka ni wọ́n ń tẹ̀. Tìrẹ, àìtẹ̀ka ni mo fi dì í.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fájánà,
ẹni àkọ́kọ́ tó dìbò fún ẹgbẹ́ onígi.